Ọ̀sẹ̀ tí Mo Fi Tún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Monrovia. Gbogbo ẹni tó bá ti rìnrìn àjò ló ní ìtàn bọ́dà, tèmi ò sì yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, nínú ọdún mẹ́fà tí mo ti lò níbí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kó má sì lè ṣe nǹkan kan fún ìyá tó bí i.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Mẹkáníìkì ni mí, ṣùgbọ́n mi kì í tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ sìpíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, àti gbogbo irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń sọ pé sìpíríǹgì ló ń ru ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ló ń bá sìpíríǹgì sọ̀rọ̀ kó má ya wèrè. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí òdodo ọ̀rọ̀ yẹn nílùú yìí, torí gálọ́ọ̀pù tó wà lójú títì wọn, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kà á, ilẹ̀ á ṣú bá yín lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, Flomo mú mi lọ kí bàbá rẹ̀. Ọmọ Liberia ni Flomo, àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí mo ṣe rí bàbá àgbàlagbà lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ni bàbá bá fò dìde, ó figbe ta: "Ay God, the man fall down o! Bring water!" Kí n tó gbórí sókè, wọ́n ti da omi sí mi lẹ́yìn. Flomo rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kíra wọn: ẹ bọwọ́, tí ọwọ́ bá ń kúrò nínú ọwọ́, ìka tèmi á ta mọ́ ìka tìrẹ, á dún pá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ, torí gíríìsì ò jẹ́ kí ìka mi ta. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́ lọ.

Òjò wọn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òjò Monrovia kì í rọ̀ kó dá bí òjò ọmọlúàbí. Yóò bẹ̀rẹ̀ lónìí, aṣọ tẹ́ ẹ fọ̀ á di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó gbẹ. Oúnjẹ wọn sì jẹ́ ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án. Tí o bá jẹ fùfú yó bí ìlù, wọ́n á ṣì bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun lónìí. Mo bínú sí ìrẹsì fún ọdún kan gbáko. Nígbà tó yá, tí mi ò bá rí i jẹ, èmi fúnra mi ni mò ń wá a kiri.

Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ Yorùbá tó dán. Àwọn oníṣòwò wa tó ń tajà ní Randall Street á pé sí mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Ọjọ́ yòókù, ọkọ̀ ni mò ń bá sọ Yorùbá. Mo máa ń sọ fún sìpíríǹgì pé, "Dákun, jókòó dáadáa, má dójú tì mí." Flomo rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Níbí wọ́n ń pè mí ní Nigeria man. Tí mo bá sì pe ilé, àwọn ọmọ àbúrò mi á pariwo, "Bọ̀ọ̀dá Làìbéríà ló ń pè o!" Ẹ ò rí i pé mi ò sí níbì kankan tí wọ́n ti ń pè mí ní ará ibẹ̀. A máa ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, ṣùgbọ́n òwe náà ò sọ ohun tí onílé máa ṣe tí kò bá rí ọ̀nà lọ.

Ó yá, ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àárọ̀ Àtìní ni Sìkírà pè mí. Àbúrò mi obìnrin ni, òun ló ń tọ́jú Màmá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó." Irọ́ ni, abẹ́ ọkọ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí.

Ó ní egbò ẹsẹ̀ Màmá, èyí tí ìtọ̀ ṣúgà fà, ti jẹ wọ egungun. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, kíákíá, kó tó gòkè. Mo ní kí wọ́n gé e nígbà náà, kí ni wọ́n ń dúró dè?

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn àfi tẹ́ ẹ bá dúró ti àwọn. Gbogbo wa ti bẹ̀ wọ́n, ẹ̀kọ ò ṣojú mímu."

Mo ní kó gbé fóònù sí Màmá létí.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èmi Dáódù yín, mo fọwọ́ sí i."

"O fọwọ́ sí i? Ibo ni ọwọ́ ọ̀hún wà?" Ohùn wọn ti fẹ́lẹ́. "Ọkọ mi, fóònù kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bí. Wá dì mí mú kí wọ́n tó sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀ kan."

Mo dìde lábẹ́ ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Alhaji. Alhaji ló ni ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ Ìwó ni. Ó ti pẹ́ nílùú yìí débi pé tó bá ń bínú, èdè Liberia ló fi ń bínú. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó mi orí, ó ní òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi, kí n má ronú nípa owó. Kí n tó dúpẹ́ tán, ọkọ̀ ńlá kan ti ń fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá wa, ó gbé ọkọ̀ eré ìje kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ eléèyàn méjì péré, aláwọ̀ òféfèé, táyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìrọ̀rí.

Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, Bossman ni gbogbo wa ń pè é. Mamba Point ló ń gbé, lórí òkè tó kọjú sí òkun. Ó pẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà wálé. Òun ló ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa wà lórí ẹ̀. Alhaji wo ọkọ̀, ó wò mí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ yìí," ó sọ fún mi ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Tí mo bá lé ọkùnrin yìí padà, àwa méje la máa wá ibòmíràn lọ. Ṣe é fún un. Ọjọ́ tó bá ti ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ọjọ́ kejì lo máa wọ bàálù. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ohun tí Bossman fẹ́ ò le láti sọ. Ó ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun láti òkèèrè, irú èyí tí wọ́n gé ìlà yí ara rẹ̀ ká bíi ti bóòtù tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, tí èèyàn lè yí òrùka tó gbé sìpíríǹgì dúró, kí ọkọ̀ lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Lórí ṣọ́ọ̀kì náà kókó kékeré kan wà. Tẹ́ ẹ bá yí i, á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń dún ni ṣọ́ọ̀kì ń le sí i tàbí kó máa rọ̀. Bossman fi ìka méjì sáàárín táyà àti fẹ́ńdà. "Two finger. I want it low-low."

Mo ní pẹ̀lú títì ìlú yìí, ọkọ̀ náà á máa fi ikùn wọ́lẹ̀.

"You the doctor? I beg you, drop it."

Mo so àwọn ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ ọn, mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé ọkọ̀ sórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú. Bossman sanra, ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ sì máa ń parọ́, nítorí náà mo ní kí Flomo lọ yá àpò ìrẹsì kékeré mẹ́rin wá, a kó o sórí ìjókòó dírẹ́bà. Bossman ní, "You want cook in my car?" Mo wọn láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, mo fi ẹfun ìkọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá yí òrùka tán, a ó sọ jáàkì kalẹ̀, a ó ti ọkọ̀ síwájú, a ó tì í sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, kí n tó tún wọ̀n ọ́n. Kókó yẹn náà, mo máa ń yí i dé ibi tó le jù, kí n tó máa kà á padà. Ọ̀tún mẹ́wàá, òsì mẹ́wàá. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí n tó parí.

Àtàláátà, Bossman padà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mamba Point, táyà ń ha fẹ́ńdà, bọ́m̀pà iwájú sì ti họ. Ó ní kí n gbé e sókè díẹ̀. Mo gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka kan. Lọ́sàn-án Sìkírà pè, ó ní ibà ti mú Màmá.

Àlàrùba, Bossman tún padà. Ó ní ọkọ̀ ń fò sókè sódò bí ẹni tó ń jó. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó yẹ kí n ti tún kókó wò. Mo fún un ní kẹ́ mẹ́ta sí i níwájú, méjì lẹ́yìn. Sìkírà ní dókítà sọ pé tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, òun ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní ọ̀la. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Àlàmísì, Bossman padà, ó di ìdí mú. Ó ní ó ti le jù, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo wò ó, ó ṣe mí bíi kí n fi sípánà lù ú. Ìyá mi ń jẹrà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ń yí kókó fún ìdí olówó. Sìkírà ti pè láàárọ̀ ọjọ́ náà pé Màmá ò jẹun mọ́, wọ́n kàn ń bi gbogbo èèyàn léèrè pé ṣé mo ti ń bọ̀ lọ́nà.

Flomo fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "My man, don't touch it again. Wipe it, give it to him, tell him it finish. The man don't know nothing."

Mo jágbe mọ́ ọn. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọjọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, wọ́n gbé sípánà lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò, mo fẹnu ara mi sọ pé mi ò ní gba ọkọ̀ oníbàárà kí n dá a padà láìṣe é kí n ní mo ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fi irin búra ṣeré. Bàbá mi tó ti kú wà níbẹ̀, Màmá náà wà níbẹ̀, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tìtorí Màmá ba ohun tí Màmá gbọ́ lẹ́nu mi jẹ́? Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, odidi ọjọ́ kan. Èmi àti Flomo gbé e jáde dé Gurley Street, a gbé e padà. Ó gba gálọ́ọ̀pù bí àgbà tó ń gbọ́ èébú. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ti pé.

Jímọ̀ láàárọ̀, ọkùnrin yìí padà. Ó ní iwájú ọkọ̀ ń ṣe òun bákan.

"Bákan báwo, Bossman?"

"Just somehow."

Ṣé ẹ gbọ́? Somehow. Kò sí sípánà tí wọ́n fi ń tú somehow. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó lọ. Mo jókòó sórí táyà kan, mo sì sunkún bí ọmọdé, mi ò lè parọ́ fún yín. Mo lọ kírun. Mo forí kanlẹ̀, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lórí mi, "Yà Allah, Màmá mi" nìkan ni mo lè sọ.

Nígbà tí mo dé láti mọ́ṣáláṣí, mo gbé ọkọ̀ náà sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi sípánà lu irin díẹ̀ kí ó dún. Mo nu wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi ń dán. Mi ò fọwọ́ kan òrùka, mi ò fọwọ́ kan kókó kankan. Flomo ń wò mí.

Bossman dé, ó wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"That's it! That's what I been telling you people the whole week!"

Ó dì mọ́ mi pẹ̀lú gíríìsì lára mi. Alhaji ti yọ tíkẹ́ẹ̀tì lápò. Ọ̀la, aago mẹ́wàá. Mo tẹ nọ́ńbà Sìkírà.

"Sìkírà, mò ń bọ̀ lọ́la! Sọ fún Màmá, ọ̀la ni!"

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti gé e. Láná lọ́sàn-án."

"Láná? Màmá fúnra wọn gbà? Ta ló dúró tì wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó wá ń sunkún, ó ń ṣàlàyé. Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, ìtọ̀ ṣúgà yẹn ti mú ojú náà. Láàárọ̀ Àlàmísì, Múdà wọlé láti Ṣakí. Múdà ni wọ́n bí tẹ̀ lé mi. Ohùn bàbá wa ni àwa méjèèjì ní, tí a bá ń kírun nínú yàrá, èèyàn ò lè mọ ti ta nìyí. Ó kí Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ni Màmá bá na ọwọ́. "Dáódù mi, ṣé ìwọ nìyẹn?" Múdà wo dókítà, ó wo Sìkírà. Ó ní, "Èmi ni, Màmá. Mo ti dé." Ó di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi gbé wọn wọlé.

"Wọ́n ti ń jẹun," Sìkírà ní. "Ibà ti lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an. Inú mi dùn, mo sì jowú àbúrò mi débi pé ẹnu mi korò.

"Kò burú," mo ní, "mo ṣì ń bọ̀ lọ́la."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "A ti sọ fún wọn pé ẹ ti padà síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún yọ lọ́la, wọ́n á ní kí ló lé yín wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n á rò pé àwọn ń kú lọ ni, pé a fi pamọ́ fáwọn. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Ó tọ̀nà. Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà fún Alhaji, ó wò mí títí, ó ní òun á bá mi yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Mo lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi: ká ní Àtàláátà ni mo ti nu wíìlì yẹn, kí n ní iṣẹ́ ti parí, ǹjẹ́ mi ò bá ti débẹ̀ ṣáájú Múdà? Mo fi òótọ́ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Múdà parọ́ ẹyọ kan, ó sì gbà wọ́n là. Mi ò mọ ẹni tí mo lè fẹjọ́ èyí sùn, torí kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Àláàdì ni Màmá fúnra wọn ní kí wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti yéni.

"Ọkọ mi, o ṣé. O ṣé tí o wá dúró tì mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń tì mí lọ, ọwọ́ rẹ ni mo gbájú mọ́. Ẹ̀rù ò bà mí rárá."

"Ẹ má dúpẹ́, Màmá."

"O ò tilẹ̀ jẹun kí o tó lọ, Sìkírà ló sọ fún mi. Ọ̀nà jìn. Ṣé o dé láyọ̀?"

Mo wo àgbàlá, mo wo Flomo tó ń wo ẹnu mi.

"Mo dé láyọ̀, Màmá."